Ọ̀nà Ìbú Tí A Kì Í Gbá

Òórùn ewé tó ti jẹrà, tí ìgbálẹ̀ ń tú jáde lábẹ́ koríko, ni mo fi ń mọ̀ pé ọjọ́ odò ti dé. Títí di òní, bí mo bá ń gbá ẹ̀yìnkùlé mi tí òórùn náà bá ta sí mi nímú, ọwọ́ mi á dúró fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ mi rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn mí. N kì í bá wọn jiyàn, nítorí ẹ̀yìn náà ń dùn mí lóòótọ́.

Ìlú baba mi kò jìnnà sí Ọ̀sí. Ìlú kékeré ni, ṣùgbọ́n odò kan ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀ tí igbó ńlá bò lọ́tùn-ún lósì, tó fi jẹ́ pé ẹni tó wà nínú oko kò ní mọ̀ pé omi wà nítòsí àfi bó bá gbọ́ ohùn rẹ̀. Odò náà a máa sáré láàárín àpáta, a máa pariwo, títí yóò fi dé ibì kan tó jìn, tó fẹ̀, tó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ibẹ̀ là ń pè ní Ìbú. Ilé wa ló ni Ìbú, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Erinmi kan ń gbé inú rẹ̀ tó ti dàgbà débi pé etí rẹ̀ kan ti ya. Ọ̀nì a máa yá oòrùn lórí iyanrìn ní òdìkejì, á la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí wọ́n bu oúnjẹ fún un. Ẹdun ń fò kiri lórí ìrókò, àdán pọ̀ lórí àràbà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀ka rẹ̀ fi ń tẹ̀, bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, lékeléke á sọ orí igi etí omi di funfun. Ìgalà àti ẹtu a máa wá mumi ní ìsàlẹ̀ odò. Ọdẹ ilé wa kì í yìnbọn níbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá wá mumi, àlejò ni, a kì í pa àlejò.

Ohun tí ará ibòmíràn kì í mọ̀ ni pé ọ̀nà wà tó lọ sí Ìbú láti ẹnu ilé wa. A kì í gbá a, a kì í sán koríko rẹ̀, ewé tó bá sì já sí i, ibẹ̀ ni yóò jẹrà sí. Ẹni tó bá ní láti gba ibẹ̀ kọjá á fi ọwọ́ ya koríko, á sì tún dá a padà lẹ́yìn ara rẹ̀. Àwọn àgbà ní ogun ló kọ́ wa. Nígbà tí àwọn ológun ń kó èèyàn láti ìletò dé ìletò, ojú ọ̀nà tó mọ́ ni àwọn ẹlẹ́ṣin wọn ń tọ̀, nítorí ọ̀nà tó mọ́ ló ń sọ fún wọn pé èèyàn ń bẹ níwájú. Àwọn baba wa sá wọ igbó odò, wọ́n sì jẹ́ kí koríko bo ipasẹ̀ wọn. Àwọn ẹlẹ́ṣin kọjá, wọ́n tún kọjá, wọn kò yà.

Obìnrin kan láti ilé wa ló ń wọ Ìbú lákòókò náà, tó ń fi agbọ̀n kó ẹja fún gbogbo ẹni tó sá pamọ́. Wọ́n ní àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ ń fún, lẹ́yìn náà aláboyún, lẹ́yìn náà arúgbó. Nígbà tí yóò bá fi kan òun fúnra rẹ̀, agbọ̀n á ti ṣófo. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ogun fi lọ. Láti orí rẹ̀ ló ti di èèwọ̀ pé obìnrin tó bá ń ṣí Ìbú kò gbọdọ̀ fi ẹja ibẹ̀ kan ẹnu títí ayé rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún là ń ṣí i, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá ti fà. Àárọ̀ ọjọ́ náà nìkan ni àwa ọmọ-ilé obìnrin ń mú ìgbálẹ̀, tí a ó gbá ọ̀nà láti ẹnu ilé dé etí omi. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ ọjọ́ náà fún àlejò, bí àlejò ọ̀hún tilẹ̀ jẹ́ àna ẹni. Ìyẹn náà, ogun ló fi í sílẹ̀ fún wa. Bí a bá gbá ọ̀nà tán, ìyá àgbà ilé wa á kọ́kọ́ wọ omi pẹ̀lú agbọ̀n, á rì í, ohun tó bá sì gbé jáde, á dá a padà sínú omi. Ìgbà náà ni gbogbo ìlú á tó ya lu odò. Àwọn obìnrin á to agbọ̀n sẹ́nu omi, àwọn ọkùnrin á máa fi igi lu omi láti òkè wá, ẹja á máa fò. Bó bá di ọ̀sán, àwọn géńdé á máa jìjàkadì lórí iyanrìn, àwa ọmọge á máa wẹ̀, a ó máa ṣe bí ẹni tí kò wò wọ́n. Èéfín ẹja yíyan á gba gbogbo inú igbó. N ò tíì rí ayẹyẹ kan láti ìgbà náà tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀, mo sì ti lọ sí ayẹyẹ púpọ̀.

Ìyá àgbà tí mò ń sọ yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà mi. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ó sì ti padà wá jókòó sílé baba rẹ̀. Ó ga, ó gbẹ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá sì sọ ọ́, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Èmi ló yàn láti gba agbọ̀n lọ́wọ́ òun. Inú omi ni wọ́n ti ń gbà á: àgbà àti ọmọ á jọ dúró nínú Ìbú lọ́jọ́ ìṣíbú, àgbà á tú ọwọ́ sílẹ̀, ọmọ á di agbọ̀n mú. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó sì gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ kí ọmọ náà tó kúrò nílé baba rẹ̀ lọ sílé ọkọ, nítorí ẹni tó bá ti ilé ọkọ wá gbà á, àwọn àgbà ní ilé ọkọ ló gbà á fún.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹja ni mò ń rò. Ẹja àrọ̀ inú Ìbú, bí wọ́n bá yan án lórí ẹyinná, tí ọ̀rá rẹ̀ ń kán sínú iná, n kò mọ ohun tó dára tó o láyé nígbà náà. Wọ́n ti fẹ́ mi sọ́nà fún ọkùnrin kan ní Kórò, ọkùnrin tó ṣeé fi yangàn ni, síbẹ̀ bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan nínú òun àti ẹja náà, mi ò bá ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ rò ó. Mo ń wo ìyá àgbà bó ti ń jẹ iyán tòun tẹ̀fọ́ lọ́jọ́ tí ẹja kún ilé, mo sì ń sọ fún ara mi pé báyìí layé mi yóò ṣe rí. Mo sunkún lẹ́yìn ilé. Ìyá mi rò pé nítorí àtilọ sílé ọkọ ni, ó wá rẹ̀ mí lẹ́kún.

Ọdún tó ṣáájú ọdún tí mo fẹ́ gba agbọ̀n ni òyìnbó igbó dé. A ti ń rí òyìnbó nígbà náà, àwọn tó ń wá nítorí owó orí àti àwọn tó ń wọn ojú títì, ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀. Igi ló ń wò. Ó mú ògbufọ̀ kan wá láti Ìlọrin, àwọn dógarì, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ ààfin ibẹ̀, ń ṣáájú, àwọn aláàárù ń tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ dé etí wa ni pé ìjọba fẹ́ mọ àwọn igbó tó wà lẹ́bàá odò àti àwọn tó ni wọ́n.

Àbúrò baba mi kan wà tó ń ṣòwò obì lọ sí Ìlọrin, tó ti ń kírun, tó sì ti rí ayé. Ó sáré wá bá àwọn àgbà ilé. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí a gbá ọ̀nà Ìbú kíákíá, kí a sán etí omi, kí a to agbọ̀n àti ààrò ìyanja síbẹ̀, kí òyìnbó lè rí i pé èèyàn ń lo ibẹ̀. Ó ní òyìnbó kò mọ ohun tí ojú rẹ̀ kò bá rí. Àwọn àgbà wò ó bí ẹni tí oòrùn ọ̀nà jíjìn ti pa. Bàálé ilé wa bi í pé ṣé ó fẹ́ kí àwọn gbá ọ̀nà fún àwọn dógarì, ọ̀nà tí wọn ò gbá fún bàbá àwọn dógarì nígbà ogun. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n sọ kò fi bẹ́ẹ̀ yé mi. Wọ́n fi ọ̀nà sílẹ̀ bó ti wà. Koríko tó wà lójú rẹ̀ lọ́dún náà gùn jù mí lọ, wọ́n sì ń fi yangàn.

Nígbà tí òyìnbó dé ọ̀dọ̀ wa, ó jókòó lórí àga tí wọ́n gbé wá fún un, ó béèrè ohun tó fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ ògbufọ̀, ògbufọ̀ sì bi wá. Ta ló ń dáko nínú igbó yẹn? Ta ló ń gégi níbẹ̀? Ta ló ń pẹja níbẹ̀? Àwọn ọkùnrin yíjú sí ìyá àgbà, nítorí òun ló ni ọ̀rọ̀. Ó dìde. N kò tíì rí i kí ó dúró dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ní, “Kò sẹ́ni tó ń dáko níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gégi níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ẹnìkan ò fọwọ́ kan ugbó yẹn. Ẹ lọ wo ojú ọ̀nà, ẹ ó rí i.”

Bí ó ti sọ ọ́ gan-an ni ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ yẹn, bí a ṣe rán an ló ṣe jẹ́ ẹ, n kò sì lè bá a wí. Lójú tiwa, ohun tí ìyá àgbà sọ ni pé ilé wa ló ni ibẹ̀, àwa la sì tọ́jú rẹ̀ débi pé ewé kan kò já níbẹ̀ láìjẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló já a. Ta ló tún lè ní nǹkan jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ọjọ́ kan ṣoṣo tí a ń wọ ibẹ̀ lọ́dún, kò dárúkọ rẹ̀, nítorí a kì í sọ ọ́ fún àlejò. Òyìnbó lọ wo ojú ọ̀nà. Ó rí koríko. Ó wo omi, ó wo erinmi, ó wo igi, inú rẹ̀ dùn gidigidi. Kí ó tó lọ, ó bọ ìyá àgbà lọ́wọ́. A jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà, a ní òyìnbó ti mọ onílé.

Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi dé pẹ̀lú àdá. Wọ́n la ààlà yí igbó ká, wọ́n ri òkúta mọ́lẹ̀, wọ́n fi ẹfun kùn wọ́n. Wọ́n ní ilẹ̀ tí kò ní olóhun ni, ó ti di ti ìjọba. Igbó ọba ni wọ́n pè é. Ọba wa béèrè ọba tí wọ́n ń wí, nítorí kò sẹ́ni tó bá òun sọ ọ́. Wọ́n fi aṣọ́gbó méjì sí ẹnu ọ̀nà wa, ará ibòmíràn tí wọn kò mọ ẹnì kan láàárín wa. Ẹni tó bá kọjá òkúta, ẹ̀wọ̀n ni. Ohun tó gba àwọn baba wa lọ́wọ́ ogun, òun náà ló gba Ìbú lọ́wọ́ wa.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé tí wọn kò jẹ́ kí a ṣí odò, inú gbogbo ilé bàjẹ́. Tèmi kò bàjẹ́. Mo ń rò pé bí kò bá sí ìṣíbú, kò sí agbọ̀n. Bí kò bá sí agbọ̀n, kò sí èèwọ̀. Ọgbọ́n ọmọdé nìyẹn. Kò tíì yé mi pé bí kò bá sí ìṣíbú, kò sí ẹja pẹ̀lú. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé ìyá àgbà kò jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sílé ọkọ. Àwọn ará Kórò ránṣẹ́, ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Wọ́n tún ránṣẹ́, ó ní agbọ̀n ṣì wà lọ́wọ́ òun. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́, baba mi bẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sílé ọkọ, èmi wà nílé tí mò ń bá wọn pọn ọmọ wọn bí wọ́n bá wá kí ìyá wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí i. Mo máa ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún un láìsọ̀rọ̀, kí ó lè mọ̀ pé mò ń bínú. Bó bá mọ̀, kò fi hàn.

Lójoojúmọ́ ni ó ń lọ jókòó sẹ́bàá òkúta funfun tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Kì í kọjá rẹ̀. Á tẹ́ ẹní kékeré, á na ẹsẹ̀, á máa wo inú igbó títí oòrùn á fi rọ̀. Àwọn aṣọ́gbó kọ́kọ́ ń lé e, nígbà tó yá wọ́n fi í sílẹ̀, nígbà tó tún yá wọ́n ń kí i. Láti ibi tó jókòó sí ló ti ń gbọ́ ìró ìbọn. Òyìnbó igbó ti ń mú àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá láti wá gbafẹ́ létí Ìbú. Wọ́n ń pa àgọ́ sábẹ́ àràbà, wọ́n ń wẹ̀, wọ́n ń yìnbọn fún ẹyẹ. Lọ́jọ́ kan ó dé ilé, kò jẹun. Nígbà tí mo bi í, ó ní òun ò gbọ́ ohùn erinmi láàárọ̀ àná, òun ò sì gbọ́ ọ lónìí.

Ẹ̀ẹ̀rùn kejì ń bọ̀, àwọn ará Kórò sì ti ní bí a kò bá ní gbé ìyàwó wá lọ́dún náà, kí a dá nǹkan wọn padà. Baba mi, àbúrò rẹ̀ oníṣòwò, àti àwọn àgbà kó iṣu, wọ́n fa àgbò, wọ́n lọ bá òyìnbó níbi tó wọ̀ sí ní Ọ̀sí. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n bi ìyá àgbà bóyá kí àwọn sọ ọjọ́ ìṣíbú fún un, nítorí láìsọ ọjọ́, kò sí bí wọn yóò ṣe tọrọ ààyè. Ó ní kí wọ́n sọ ọ́. Mo rí bàálé ilé wa tó yíjú sí ògiri. Láti ìgbà ogun, ọjọ́ náà kò tíì dé etí àlejò rí.

Ká má parọ́ mọ́ òyìnbó yẹn, kì í ṣe ìkà. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó fi ọwọ́ nu ojú, ó ní kí ló dé tí wọn kò sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní òfin ti jáde, òun kò lè gbé òkúta kúrò, ṣùgbọ́n òun yóò jẹ́ kí ìyá àgbà àti àwọn obìnrin ilé rẹ̀ wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Ó ní òun fúnra òun yóò rí sí i pé kò sí ohun tí yóò ni ìyá náà lára. Baba mi padà wálé pẹ̀lú ẹ̀rín. Ilé wa kún fún ayọ̀ bí ilé tí wọ́n bímọ sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo àwa ọmọ-ilé obìnrin mú ìgbálẹ̀ tuntun. Ìyá àgbà gbé agbọ̀n sọ́wọ́, èmi tẹ̀lé e. A gbá ọ̀nà láti ẹnu ilé, koríko náà le, ewé ti di ìdọ̀tí dúdú nídìí rẹ̀, òórùn tí mo fẹ́ràn yẹn sì ń jáde. Bí a ti dé ibi òkúta funfun, ìgbálẹ̀ wa kò rí ohun tí yóò gbá mọ́.

Wọ́n ti gbá a. Wọn kò gbá a lásán, wọ́n là á. Ọ̀nà tí èèyàn kan ń ya koríko gbà tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀ tó ibi tí ẹṣin mẹ́ta lè tò kọjá. Wọ́n ti ro ilẹ̀ rẹ̀ títí tó fi pupa, wọ́n to òkúta ẹlẹ́fun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì títí dé etí omi. A dúró níbẹ̀ a sì ń rí Ìbú lọ́ọ̀ọ́kán, ohun tí ojú kò rí rí. Òyìnbó jókòó lábẹ́ àràbà pẹ̀lú òyìnbó mìíràn àti obìnrin rẹ̀. Nídìí igi, wọ́n gbé egungun orí erinmi kalẹ̀, àwọn eyín ńlá rẹ̀ ń dán. Kò sí àdán kan lókè.

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀ pupa náà. Ó bi aṣọ́gbó tó wà níbẹ̀ pé, “Ta ló gbálẹ̀ yìí?”

Aṣọ́gbó náà dọ̀bálẹ̀, nítorí ó ti wá fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní, “Àwa ni, Yèyé. Òyìnbó ní ká tún un ṣe dè yín, kí ẹsẹ̀ má baà dùn yín.”

Ó ní, “Ẹ ṣeun.”

Ó rìn lọ sí etí omi, àwa náà tẹ̀lé e pẹ̀lú ìgbálẹ̀ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Ó dúró. Kò wọ inú omi. Mo wo ojú rẹ̀, mo mọ̀ pé kò ní wọ̀ ọ́. Èmi tí n kò fẹ́ agbọ̀n yìí láti ọjọ́ yìí wá, èmi tí mo sunkún nítorí ẹja, ọkàn mi fà sí i lójijì. Mo fẹ́ ẹ ju ẹja lọ. Mo ká ìró mi sókè, mo sáré wọ inú Ìbú títí omi fi dé àyà mi, mo yíjú padà, mo na ọwọ́.

Mo ní, “Yèyé, ẹ gbé e bọ̀. Èmi nìyí.”

Ó mi orí. “Jáde, ọmọ mi. Ẹni tó gbálẹ̀ ló ṣí i. Bó o bá gbà á níbí lónìí, ọwọ́ wọn lo ti gbà á.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo dúró nínú omi, mo sì ń sunkún lójú àwọn àlejò. Ó kàn na ọwọ́ kan sí mi, ọwọ́ òfìfo, ó fà mí gòkè. Òyìnbó rò pé ohun tí a wá ṣe la ti ṣe tán. Ó dìde, ó pàtẹ́wọ́, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, a sì padà sílé.

Láti ọjọ́ náà kò lọ sídìí òkúta mọ́. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó dùbúlẹ̀. Ó pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kí n sún mọ́ òun. Mo rò pé yóò fún mi ní agbọ̀n náà lórí ẹní, mo ti ń múra láti gbà á, èèwọ̀ tàbí kò sí èèwọ̀. Ohun tó sọ kò jọ bẹ́ẹ̀.

“Kò sí nǹkan lọ́rùn rẹ. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn ẹja. Máa jẹ ẹ́.”

Ó ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹkún tí mo sun lẹ́yìn ilé, ó gbọ́ ọ. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Wọ́n sin ín pẹ̀lú agbọ̀n náà, nítorí kò sẹ́ni tó lè jogún rẹ̀. Lẹ́yìn tí a parí ìsìnkú, wọ́n gbé mi lọ sí Kórò láìsí ariwo púpọ̀.

Àwọn ará ilé ọkọ mi ṣe mí dáadáa. Wọ́n ti gbọ́ pé ẹja ni ìyàwó wọn fẹ́ràn, ni ìyálé mi bá lọ sọ́jà, ó ra àrọ̀ tí ìyàwó àwọn aṣọ́gbó ń tà, ó se é fún mi ní ọbẹ̀ àkọ́dé. Mo mọ ibi tí ẹja náà ti wá. Kò sí odò mìíràn tí ẹja rẹ̀ ń sanra bẹ́ẹ̀. Mo gbé e dé ẹnu, mo tún dá a padà sínú àwo. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní oyún ti dé. Mo jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀. Oyún kò sí níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ sí i, ṣùgbọ́n n kò jẹ ẹja náà.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti kọjá lẹ́yìn náà. Òyìnbó igbó lọ, òmíràn dé, àwọn náà ti lọ. Ìjọba ti di tiwa, wọ́n sì ti da ọ̀dà sójú títì tó kọjá nítòsí. Àwọn òkúta funfun ṣì wà, àwọn tiwa ló ń kùn wọ́n lẹ́fun báyìí. Mo gbọ́ pé ibi ìgbafẹ́ ni, pé àwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn wá jókòó létí Ìbú, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá, àwọn ọmọ wọn ń wẹ̀. N kò bá wọn bínú. Omi ni, ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ kó wẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ti wá bá mi pé kí n wá bá àwọn rìn débẹ̀, pé ọ̀nà rẹ̀ dára, ó mọ́, arúgbó lè rìn ín. Mo ní mo ti gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí, ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ni nílé ìwé kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Nígbà tó dé, ó gbé abọ́ ńlá kan wọlé, àrọ̀ yíyan ló kún inú rẹ̀, ọ̀rá ń kán lára wọn. Òórùn náà gba gbogbo ilé. Mo jókòó, mo sì ń wò wọ́n. Ó bi mí ìdí tí n kò fi mú, ṣé èèwọ̀ ilé baba mi ni. Mo ní rárá, kò sí èèwọ̀ kankan lọ́rùn mi. Mo ní kó gbé e jáde, kó kọ́kọ́ fún àwọn ọmọdé tó ń ṣeré níta, lẹ́yìn náà kó fún ìyàwó ilé kejì tó wà nínú oyún, lẹ́yìn náà kó lọ bá àwọn arúgbó tó jókòó sábẹ́ igi. Ó lọ, ó pẹ́ kó tó padà. Nígbà tó wọlé, ojú ń tì í, ó dojú abọ́ délẹ̀ kí n lè rí i. Ó ní, “Ìyá àgbà, ẹ má bínú, kò kù sílẹ̀ fún yín.”

Mo ní kó lọ fọ abọ́.